Ẹ̀kọ́ fún Ilé: Bí A Ti Ń Fi Èèpo Ọ̀pẹ Òyìnbó Ṣe Ohun Mímu àti Fíníga

Ní àkókò ọ̀pẹ òyìnbó, kò sí ìpàdé tí a lọ tí àwọn ìyá tí ń tà á kò béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wa: kí ni a lè fi èèpo rẹ̀ ṣe? Ẹni tí ó ń gé ọ̀pẹ òyìnbó tà ní ọjà ń kó èèpo àti ọ̀pá inú rẹ̀ dànù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, eṣinṣin bo ìyókù. Ìbéèrè kejì tí ó máa ń tẹ̀lé e ni ó mú kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí: ǹjẹ́ ẹgbẹ́ lè yá wa lówó kí a fi ṣe é tà? A ó dáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ni a ó fi ṣíwájú, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan náà ti ń ṣe nínú ìgò kò gbọdọ̀ fi owó ẹgbẹ́ dán an wò.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e dé láti oko ní òwúrọ̀, dídùn ni ó ń dùn. Bí ó bá di ọ̀sán, ó ń hó, ó sì ti ń ta lẹ́nu. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti le. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti kan, kò sí ẹni tí ń béèrè rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan náà ni agadagídí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n ṣe ń tọ̀. Omi èso dídùn ní ibùdókọ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà: dídùn, líle àti kíkan. Ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ju pé kí a mọ ibi tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò.

Oríṣi ohun alààyè méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ojú lásán kò sì lè rí èyíkéyìí nínú wọn. Èkíní ni ìwúkàrà, irú èyí tí ń mú búrẹ́dì wú. Ó wà lára èèpo èso láti oko wá. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ṣúgà, ohun méjì ni ó ń fi sílẹ̀: ọtí, àti irú afẹ́fẹ́ tí ń hó nínú míníràlì. Èkejì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ọtí di kíkan, àwọn wọ̀nyí kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn bí afẹ́fẹ́ ìta kò bá kàn wọ́n. Louis Pasteur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ọdún 1867 ó lọ sí ìlú Orléans, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíníga láti ìgbà pípẹ́, ó sì ṣàlàyé fún àwọn oníṣẹ́ fíníga ibẹ̀ pé ohun alààyè ni ó ń sọ wáìnì wọn di kíkan. Nítorí náà, bí a bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ omi èso, ó ń lọ sí ọ̀nà ọtí. Bí a bá ṣí i sí afẹ́fẹ́, tí ó sì pẹ́, ó ń lọ sí ọ̀nà fíníga. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Àwọn ará Mẹ́síkò ti ń fi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ṣe ohun mímu tipẹ́; tepache ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tà á ní ojú pópó. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é ní ìgbà láéláé, bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwa. Èso náà fúnra rẹ̀, ìhà ibẹ̀ ni ó ti wá: Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, Columbus àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì bá a ní erékùṣù Guadeloupe ní 1493. Àwa ni a sọ ọ́ di ọ̀pẹ, tí a tún sọ ọ́ di ti òyìnbó. Kò sì jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣe é. Ọ̀pẹ òyìnbó ńlá kan tí ó pọ́n dáadáa ni a ó lò, pẹ̀lú omi lítà méjì, ṣúgà gíráàmù 200 (èyí tó agolo mílíìkì kékeré kan àti ààbọ̀, kí ó kún dọ́gba ẹnu, kí ó má ṣe ga), atalẹ̀ tí ó gùn tó ìka kan, àti kànáfùrù mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ẹni tí ó bá fẹ́ òórùn rẹ̀. Ìgò ẹlẹ́nu ńlá ni ó dára jù láti fi ṣe é, tàbí abọ́ tánganran tí kò tíì bó, tàbí ike tí a ṣe fún oúnjẹ. Ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù, idẹ tàbí bàbà, nítorí ohun kíkan a máa jẹ irin, ohun tí ó bá sì jẹ kúrò lára irin, inú wa ni ó ń lọ. Ike tí wọ́n fi gbé ọ̀dà tàbí oògùn apakòkòrò kò dára rárá, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Kí ẹ tó gé ọ̀pẹ òyìnbó náà, ẹ fi omi mímọ́ àti kànrìnkàn fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ sí i, ẹ má sì da omi gbígbóná lé e lórí, nítorí ìwúkàrà tí ó wà lára èèpo náà ni òṣìṣẹ́ wa. Bí omi gbígbóná bá pa á, a kò ní ẹni tí yóò bá wa ṣe é. Ẹ gé orí àti ìdí rẹ̀ sọnù. Ẹ jẹ ẹran rẹ̀ tàbí kí ẹ tà á. Èèpo àti ọ̀pá inú ni a fẹ́. Ibi tí ó bá ti rà, ẹ gé e dànù. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí nǹkan náà yóò kan, kí ni rírà tún jẹ́? Kíkan kì í ṣe jíjẹrà o.

Ẹ se omi náà kí ó hó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ẹ wá yọ́ ṣúgà sínú rẹ̀. Ẹ kó èèpo, atalẹ̀ tí a ti tẹ̀ fọ́, àti kànáfùrù sínú ìgò, ẹ da omi ṣúgà lé wọn. Kí èèpo wà lábẹ́ omi. Abọ́ kékeré kan tí ó mọ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun bo ẹnu ìgò, kí ẹ fi okùn so ó, nítorí eṣinṣin kéékèèké tí ń tẹ̀lé èso kì í pẹ́ dé. Ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé.

Nínú ooru tiwa, ní ọjọ́ kejì ẹ ó rí ìfófòó funfun lójú rẹ̀, èèpo yóò sì máa gbé ara rẹ̀ sókè. Ẹ fi ṣíbí mímọ́ kó ìfófòó náà kúrò, kí ẹ sì tọ́ omi náà wò. Ní ìgbà ọyẹ́, tí òru ń tutù, ó lè di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Àwọn ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ òtútù a máa sọ pé kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e níhìn-ín nínú oṣù kẹta ọdún, ọtí ni yóò bá nínú ìgò rẹ̀. Ahọ́n ni kí ẹ máa tẹ̀lé, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Nígbà tí adùn ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ti ń ta ahọ́n díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òtútù kò pa ìwúkàrà. Ó kàn ń mú un tòògbé ni. Ilé tí kò bá ní fíríìjì, tàbí tí iná kò dúró, kí wọ́n ṣe ìwọ̀n tí wọn yóò mu tán ní ọjọ́ tí wọ́n bá sẹ́ ẹ.

Ibi tí ewu wà nìyí, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ní ìwúkàrà ń fi sílẹ̀ yẹn kò ní ibi tí yóò gbà bí a bá dé ìgò pinpin. Ní ẹgbẹ́ kan tí a lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ọmọ ẹgbẹ́ kan rọ ọ́ kún ìgò bíà méjìlá, ó dé wọn, ó sì tò wọ́n sí ìdí ògiri yàrá de ìkómọ ọjọ́ kẹta. Márùn-ún nínú wọn bú gbàmù lóru. Àfọ́kù ìgò wọ ara ilẹ̀kùn. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó sùn sí yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má ṣe lo ìgò dígí tí a dé pinpin. Ike míníràlì ni kí ẹ lò, kí ẹ fi àyè tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ó bá ti le bí òkúta, ẹ tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà lè jáde, kí ẹ tún un dé, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Nípa ohun tí ẹ lè rí lójú omi náà: bí ó bá jẹ́ awọ funfun pẹlẹbẹ, ẹ kó o kúrò, kò ní ìpalára. Ṣùgbọ́n bí ó bá hu irun, tí ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa, ó ti bu nìyẹn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má ṣe kó ti òkè kúrò kí ẹ mu ti ìsàlẹ̀.

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ: ọtí wà nínú ohun mímu yìí. Kékeré ni ní ọjọ́ kejì, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Kì í ṣe ohun tí a ń fún ọmọdé, aboyún, tàbí ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Bí ẹ bá gbé e fún àlejò, ẹ sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, nítorí nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò fi àyè gba ọtí pọ̀. Ọ̀rọ̀ fíníga yàtọ̀. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ohun jíjẹ tí ó tọ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọtí kíkan ni orúkọ tí Bíbélì Yorùbá fún un, tí orúkọ náà sì máa ń ba àwọn kan lẹ́rù. Fún ohun mímu ọjọ́ kejì, kí oníkálukú béèrè lọ́wọ́ àlùfáà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ dé ibùdókọ̀ kẹta, kí ó sẹ́ èèpo kúrò lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí ó da omi náà sí ìgò ẹlẹ́nu ńlá, kí ó má ṣe kún kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó fi aṣọ nìkan bò ó. Afẹ́fẹ́ ni a ń wá báyìí. Ní ibi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, yóò gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ń yọ̀ yóò wá bo ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù, àwọn kòkòrò tí ń ṣe fíníga ni wọ́n hun ún. Ẹni tí ó bá ní fíníga àṣelé tí a kò sè lè fi ife kan sí i kí ó lè yá. Èyí tí ó mọ́ gaara láti ilé-ìtajà kò lè ṣe é, nítorí wọ́n ti pa ohun alààyè inú rẹ̀. Àwọn ará Orléans a máa fa díẹ̀ jáde nínú àgbá, wọn a sì fi wáìnì tuntun rọ́pò rẹ̀ láìjẹ́ kí awọ náà rì. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé. Nígbà tí ó bá ti kan tó, tí kò sì rùn bí ọtí mọ́, ẹ rọ ọ́ kún ìgò dé ọrùn, kí ẹ wá dé e. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ títí, àwọn kòkòrò kan náà yóò yíjú sí kíkan náà, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, omi lásán ni ẹ ó sì bá.

Báwo ni yóò ti le tó? Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Gíráàmù méjì ṣúgà kò lè bí ju nǹkan bíi gíráàmù kan ọtí lọ. Gíráàmù kan ọtí kò sì lè bí ju gíráàmù kan àti díẹ̀ kíkan lọ, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Gíráàmù 200 nínú lítà méjì jẹ́ 100 nínú lítà kan. Nítorí náà, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ lọ déédéé, pẹ̀lú ìwọ̀nba adùn tí ó jáde láti ara èèpo, kíkan rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ilé, ó sábà máa ń kéré sí i. Fíníga inú ìgò tí a ń rà sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa ń wà lára ìwé rẹ̀. Tiwa dára fún ọbẹ̀, fún sàláàdì, àti fún fífọ ẹja, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi tọ́jú tòmátì tàbí ẹ̀fọ́ sínú ìgò fún oṣù púpọ̀, nítorí ahọ́n kò lè sọ fún wa bóyá ó le tó láti dènà májèlé.

Ohun mímu kejì kan wà tí a fẹ́ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ilé tí ọmọdé wà, nítorí fíníga inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwúkàrà rí àyè ṣiṣẹ́. Àwọn ará Ìránì ti ń mu irú rẹ̀ láti ìgbà àtijọ́, sekanjabin ni wọ́n ń pè é. Ẹ gé ọ̀pẹ òyìnbó tàbí máńgòrò pípọ́n wẹ́wẹ́ tó ife kan, ẹ da ṣúgà ife kan lé e, kí ó sùn mọ́jú nínú fíríìjì. Ní ọjọ́ kejì ẹ da fíníga ife kan sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ṣíbí méjì nínú ife omi tútù kan ti tó. Ẹ má ṣe mu ún láìbu omi sí i; kíkan líle a máa jẹ eyín. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú kí ó yàgò fún un, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kí ó rántí pé ṣúgà ni ìdajì rẹ̀. Àwọn kan ń pariwo fíníga kiri inú mọ́tò pé ó ń wo gbogbo àrùn. Àwa kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti sọ fún yín, oúnjẹ ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Ká ní ìyá kan ń ṣe ìgò 20 lọ́sẹ̀, tí ṣúgà, ike, iná, omi àti yìnyín ń ná an ní ₦300 lórí ìgò kan, tí ó sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦500. Ó ná ₦6,000, ó pa ₦10,000, èrè ₦4,000. Lórí ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tí ìgò mẹ́jọ sì kan kí ó tó tà wọ́n, ₦6,000 ni yóò pa. Ọ̀sẹ̀ náà lọ lásán nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ó ti jẹ gbèsè ₦500, ẹ̀yáwó kò sì mọ̀ pé ìgò kan. Ní ìparí oṣù, yóò béèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá sì rí i, yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn onídùúró rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún àwọn ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó fún iṣẹ́ yìí bí kò bá tíì fi owó ara rẹ̀ ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì mú ìwé wá: ọjọ́ tí ó rẹ ẹ́, ọjọ́ tí ó sẹ́ ẹ, iye ìgò, iye tí ó tà, iye tí ó bàjẹ́. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti tó. Ẹni tí ó bá ń da ìgò tí kò tà padà sínú fíníga, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a lè yá lówó fíríìjì. Owó ọ̀pẹ òyìnbó àti ṣúgà, kí ó máa ti inú èrè jáde.

Títà nínú ìgò tí a lẹ orúkọ mọ́ tún ní òfin tirẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá NAFDAC sílẹ̀ lábẹ́ Òfin 15 ti ọdún 1993, oúnjẹ àti ohun mímu tí a dì tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà wọn, wọn yóò sì yẹ ibi tí a ti ń ṣe é wò. Ẹnì kan ṣoṣo kì í sábà lè dá ìnáwó náà gbé. Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti wúlò: ilé iṣẹ́ kan, nọ́ńbà kan, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá. A fẹ́ kí fíníga ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ohun mímu tí ń hó, nítorí fíníga kì í bú gbàmù, kò sì béèrè fíríìjì ní ọjà.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a wá ṣe é lójú wọn, kí akọ̀wé wọn kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé. Kí wọ́n pèsè ọ̀pẹ òyìnbó méjì, ṣúgà, ìgò ẹlẹ́nu ńlá kan àti aṣọ funfun. Kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí yóò máa tọ́ ọ wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí a bá ti lọ.